Dúró Níbí

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú
bàbá mi kì í dúró lójú ọ̀nà.
Ẹja wà lẹ́yìn ọkọ̀, yìnyín ń yọ́,
owó ń bá yìnyín kán sórí ọ̀dà.
Èmi àti Arvid àbúrò mi, a ó lẹ imú mọ́ fèrèsé:
akàn ràbàtà á kọjá,
aláǹgbá ayé àtijọ́ tí wọ́n fi kọnkéré mọ á kọjá,
ilé adoríkodò á kọjá, òrùlé rẹ̀ nílẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lókè.
"Bàbá, ẹ dúró!"
Á ní, "Nígbà míì."
Nígbà míì kò sí lórí kàlẹ́ńdà ilé wa.

Lánàá, èmi ni mo di sítíárì mú.
A ti Coos Bay ń bọ̀ wálé, òkun wà lọ́wọ́ òsì,
kùrukùru ń já bọ́ lórí igi bí irun àgùntàn.
A kò tíì rìn tó ogún ìṣẹ́jú tí arúgbó fi na ìka:
"Dúró níbí."
Níbo?
"Níbí. Akàn."

Akàn náà ga tó ilé alájà kan,
ó pupa bí èyí tí wọ́n ti sè jinná,
ó sì tún ń rẹ́rìn-ín.
Bàbá mi, tó fi ogójì ọdún kó akàn lókun Oregon,
tó mọ akọ yàtọ̀ sí abo nínú òkùnkùn biribiri,
dúró sábẹ́ ọwọ́ ike rẹ̀,
ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìyẹ tó ń wo àwòdì.
Ó ní, "Èyí dáa."
Ó ní kí n ya òun ní fọ́tò.

Lọ́dọ̀ Odette Brannigan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgò ìwọ́nyọ̀ ló wà lórí pẹpẹ.
Ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò wá ara rẹ̀ kiri.
"Pẹ́pẹ́yẹ ni, àbí?"
Ọkọ̀ ìpẹja ni. Ó ní òpó, ó ní àwọ̀n,
orúkọ wà lára rẹ̀ pàápàá.
"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní, "pẹ́pẹ́yẹ ni."
Mo san dọ́là méjì, mi ò wo ojú Odette.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.
Dókítà ní àárín ló kọ́kọ́ ń lọ,
bí aṣọ tí kòkòrò jẹ láàárín
tí ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣì dára.
Ó ní kó tó di ìgbà òtútù. Ó ní ká máa múra.
Bàbá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá àwọn ohun ńlá á pẹ́ díẹ̀ sí i.

Aláǹgbá kọnkéré ti pàdánù ojú kan,
ẹyẹ òkun sì ti ṣe é yánkanyànkan.
Ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, Yaretzi ló wà láyà ẹ̀wù rẹ̀,
kò fẹ́ gbowó lọ́wọ́ arúgbó. Arúgbó fi agídí san án.
Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ kọ́bọ̀ fẹ̀ bí ahọ́n.
Ó tẹ ọ̀kan. Kò lè ra nǹkan kan mọ́,
ó wáá ń fọwọ́ pa á títí a fi dé Tillamook.

Ilé adoríkodò ńkọ́?
Mo ní wọ́n ti wó o, wọ́n ń ta táyà níbẹ̀ báyìí.
Ó dákẹ́ gba afárá méjì kọjá.
"Arvid ló fẹ́ràn ìyẹn jù."
Arvid wà ní Arizona, níbi tí kò sómi;
Kérésìmesì ló máa ń pè.

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Òkun loko bàbá mi.
Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé,
kí n sì tó yà, ó ti gbọ́ òkúta wẹẹrẹ lábẹ́ táyà:
"Dúró níbí."
Kò sóhun ràbàtà kan níbẹ̀. Ilé pákó, àtùpà kan lẹ́nu ọ̀nà,
okùn àwọ̀n tí mo ti ń sọ pé kó jẹ́ n kó dànù.
Kò sọ̀ kalẹ̀.
Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wò ó
bó ṣe wo akàn.
Mi ò pa iná ọkọ̀.